Ìyá Rẹfirí Ń Kí Yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá máa ń sọ ní pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Jeppestown, nílẹ̀ òkèèrè tí a wà, tó máa ń bí mi nínú. Bí rẹfirí bá fọn fèrè tí kò dùn mọ́ ẹnì kan nínú, onítọ̀hún á na ọwọ́ sí i, á ní, "Ìyá ẹ!" Ẹnu kan náà tó ń sọ pé ìyá ni wúrà ni o. Kí ni ìyá olúwarẹ̀ mọ̀ nípa pẹnáritì?

Èmi Láolú ni mo ń ṣe ètò Ọ̀rọ̀ Pápá ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, lórí rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwa Yorùbá dá sílẹ̀ ní Braamfontein. Yàrá kékeré kan la ń lò, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wá aláwàdà lọ. Ìyá tó wá ba ìlànà yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi kọ́ ni mo pè é.

Hakeem ló pè é. Hakeem ń ta táyà ní Jeppestown, òun ló sì ni tíìmù Àṣá Jeppe. Rẹfirí ti lé agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan jáde ní Sátidé, ó wá pè wá ní Mọ́ńdè, inú ń bí i burúkú.

"Ẹ̀gbọ́n Láolú, no contact at all! Fọ́ọ̀lù tí kò sí ni rẹfirí yẹn rí. Ìyá ẹ̀ dà? Ẹ bá mi bi ìyá ẹ̀ léèrè, bóyá afọ́jú ló bí!"

Mo yára gé e kúrò lórí fóònù. Kò pẹ́ tí fóònù mìíràn fi dún, ohùn àgbàlagbà obìnrin ni.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni ìyá rẹfirí. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá mi."

Mo rò pé ẹnì kan ló ń ṣeré. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí afọ́jú?"

"Ojú ọmọ mi ríran kedere. Nígbà tó wà ní kékeré, bí àbúrò ẹ̀ bá yọ ẹran nínú ìkòkò, á wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí. Bí òun fúnra ẹ̀ bá yọ ẹran, á tún wá fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa rí fọ́ọ̀lù tí kò sí? Ìwọ Hakeem, o ní ìyá ẹ̀ dà. Mo wà ńlé, mo ń kí ẹ o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀rín pa mí débi pé orin ni mo fi bo ara mi láṣìírí. Ní Mọ́ńdè kejì, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ojú bọ́ọ̀lù ń pè wá: "Ìyá Rẹfirí dà?"

Ìgbà tí mo pe nọ́ńbà náà padà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe eré. Màmá Damaris Ọlálérè lorúkọ ìyá náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ Olúgbémiga ló ń gbé ní Berea, ó wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ẹnjiníà ni Gbémiga láàárín ọ̀sẹ̀, ó di Sátidé kó tó di rẹfirí. Bí ọkọ àti aya bá ti lọ síbi iṣẹ́, ojú fèrèsé ni Màmá ń jókòó sí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí ó bá bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ àgbà sọ Yorùbá, "Yes, Grandma" nìyẹn fi ń dáhùn.

"Láolú," ó ní, "ó kù díẹ̀ kí n máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó máa pè wá ní gbogbo Mọ́ńdè, kó wá máa fún àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ní káàdì. Ọkọ tó jẹun tí kò kí ẹni tó sè é, káàdì yẹ́lò. Awakọ̀ taxi tó já robot, ìyẹn iná ojú pópó: "Robot fi pupa hàn án, kò dúró. Ó dáa, èmi náà fi pupa hàn án. Eish!" Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, olùgbọ́ kan á kígbe lórí fóònù pé, "Ìyá ẹ!" Òun náà á dáhùn pé, "Mo wà ńlé, mo ń kí yín!" Ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í, ó ń bi í ní Yorùbá pé ta ló gba káàdì lónìí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Gbémiga ránṣẹ́ pè mí sí Berea nígbà tí fáínà ìdíje wa kù díẹ̀. Bí mo ṣe jókòó, ó gbé fèrè rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún mi. Mo fọn fèrè ní Sátidé, gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ bi Mummy mi. I'm done. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún fáínà."

Màmá ní, "Gbémiga, nítorí tèmi?"

"Mummy, kí lẹ rò pé kò jẹ́ kí n mú yín lọ sí pápá rí? Wọ́n ń bú yín níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń gbọ́ ọ, mo ń pa á mọ́ra, kó má baà dé etí yín. Ẹ̀yin wá gbé fóònù, ẹ ní ẹ̀yin rèé!"

Màmá mú fèrè náà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Mi ò ní pè wọ́n mọ́," ó ní. "Àmọ́ ìwọ náà ò ní jáwọ́. Fọn fáínà yìí, kí o sì mú mi dání. Bí wọ́n bá máa bú mi, kí wọ́n bú mi lójú mi."

Kò pè wá ní Mọ́ńdè yẹn lóòótọ́. Ètò mi tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, mo ń wo fóònù ṣáá.

Ọjọ́ fáínà pé, Màmá jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, pẹ̀lú agboòrùn. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bọ́ọ̀lù ń parí lọ, kò tíì sẹ́ni tó jẹ góòlù, ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Àṣá Jeppe kan bá fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Gbémiga fọn fèrè: pẹnáritì.

Hakeem sáré dé ojú ìlà. "Ìyá ẹ!"

Mo rò pé Gbémiga yóò ju fèrè sílẹ̀ kó máa lọ. Ó rìn wá bá Hakeem, ó yọ fèrè lẹ́nu, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn Hakeem.

"Àwọn nìyẹn lórí àga. Ẹ lọ kí wọn."

Hakeem yíjú padà. Màmá sọ agboòrùn kalẹ̀.

"Mo wà níbí lónìí," ó ní. "Mo ń kí ẹ o."

Gbogbo pápá mọ ohùn náà. Hakeem dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú mà."

Màmá wò ó. "Ìwọ ni Hakeem? Ohùn ẹ mà sanra jù ẹ́ lọ."

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe Gbémiga ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Hakeem ò tíì dìde tó fi ní, "Màmá, ẹ bá wa bẹ rẹfirí."

"Ẹnu iṣẹ́ ló wà," ni Màmá wí. Wọ́n gbá pẹnáritì náà, ó wọlé.

Ní Mọ́ńdè, fóònù dún. Ohùn ọkùnrin ni.

"Ẹ̀gbọ́n Láolú, Gbémiga ni. Mummy ń wá awò ojú wọn. Wọ́n ní kí n bá wọn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé."

Mo fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ ẹnu. Èmi tí mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà, mo pariwo rẹ̀: "Ìyá ẹ!"

"Wọ́n wà ńlé," ni Gbémiga dáhùn. "Wọ́n ń kí yín o."