Ọkùnrin Tó Ní Kí Ará Jàpáànì Nawọ́ Sókè

Síkírù Ayọ̀tọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń gbé ní Ifákò, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, gba ìwé kúẹ́rì lọ́jọ́rú tó kọjá. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ oníke ní Ìkẹjà, níbi tó ti ń ṣọ́ géétì láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ní kó tọrọ àforíjì tàbí kó máa lọ. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá lé e, ọwọ́ òfo ni yóò fi lọ.

Bí fèrè ìparí iṣẹ́ bá ti dún níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á tò sẹ́nu géétì, wọn á nawọ́ méjèèjì sókè, Síkírù á sì yẹ ara wọn wò, kí ẹnikẹ́ni má baà jí nǹkan jáde. Àwọn ọ̀gá kì í tò; inú mọ́tò ni wọ́n ti ń kọjá. Ṣùgbọ́n Moríta, ẹnjiníà ará Jàpáànì tó dé ní oṣù kẹfà láti to ẹ̀rọ tuntun, kò mọ èyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mọ́tò rẹ̀ kò wá, ó tò sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó kàn án, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Síkírù nàka sí ògiri. "Nawọ́ sókè. Kọjú sí ògiri."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá nǹkan kan lára rẹ̀, kò sì ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó yẹ àwọn tó kù wò, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni ọkùnrin náà fi nawọ́ sókè nínú oòrùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Jàpáànì, ṣé ẹ̀rọ tó o gbé wá náà lo fẹ́ jí gbé ni?"

Job Olúwarótìmí, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló sáré jáde. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Òfin yín ni mò ń tẹ̀ lé. Gbogbo èèyàn lẹ wí."

"Ẹ má fi òfin bojú. Ogun tí ẹ ń bínú rẹ̀ yẹn, wọn ò tíì bí mi nígbà tí wọ́n jà á."

"Ohun tó jẹ́ kó o lẹ́nu láti sọ ọ́ nìyẹn."

Ọdún 1943 ni Gẹ̀ẹ́sì sọ Síkírù di ṣọ́jà, tí wọ́n kó o wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́mà, láti lọ gba ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ onílẹ̀, tí Jàpáànì sì gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ádámù, ọmọ Sókótó, ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀, ló kọ́ ọ ní Haúsá tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́bàá odò, ọta ìbọn Ádámù tán. Ó nawọ́ méjèèjì sókè. Àwọn Jàpáànì yìnbọn pa á bẹ́ẹ̀. Síkírù sùn mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wò. Nígbà tí ogun parí, Gẹ̀ẹ́sì fún un ní idẹ alórí ọba gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀yẹ. Gẹ̀ẹ́sì ti lọ, ṣọ́jà ti jọba, alágbádá ti gbà á lọ́wọ́ ṣọ́jà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Gbogbo wọn ni Síkírù ń ṣí géétì fún.

"Ṣé ọmọ yìí ló yìnbọn ni?" Ojúọlápé, ìyàwó rẹ̀, bi í. "Ọmọ ọwọ́ ni nígbà yẹn."

"Àwọn tó bí i ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, Job wá sí Ifákò. Ó ní Moríta kò béèrè ìyà kankan, pé ìdí ọ̀rọ̀ náà nìkan ló ń béèrè. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní Bọ́mà ni bàbá òun náà kú sí, wọn ò rí egungun rẹ̀ gbé wálé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Síkírù wí.

Ojúọlápé gbé omi tó bù fún àlejò padà sínú ilé. Job dìde. "Bàbá, ẹ ò ṣàánú ara yín." Kò sẹ́ni tó sìn ín jáde.

Láídé, ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Abúlé Ẹ̀gbá, ló kọ ìwé àforíjì náà. Bàbá rẹ̀ ní kó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kó pa "ẹ jọ̀wọ́" rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó ní kó kọ orúkọ Ádámù sí i; ó kọ ọ́. Láídé wá ní kí bàbá òun tẹ̀ka sí i. Síkírù ká ìwé náà sínú àpò, kò tẹ̀ ẹ́.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Moríta yóò wà níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Síkírù pé kó mú kọ́kọ́rọ́ géétì dání.