Ọ̀sẹ̀ Tí Sáfà Wọ Ọ́fíìsì Àwọn Awọnlẹ̀

Ẹni tó bá rí Fẹ́yìsayọ̀ lórí àga rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jimọ̀ yẹn á rò pé aláìsàn ni. Ó gbórí lé tábìlì, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì ti yọ́ lọ sábẹ́ àga. Ara rẹ̀ yá o. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni, irú àárẹ̀ tí èèyàn máa ń sùn tì, táá jí, táá tún bá a níbi tó fi í sí.

Ọdún 2016 ni. Ọdún mọ́kàndínlógún sì ni Fẹ́yìsayọ̀ ti lò ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ yìí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò Television nílùú Kaduna, níbi tí ariwo àwọn agbèrò gáréèjì ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ìdájí. Orí táípúráítà ni wọ́n ti ń tẹ̀wé nígbà tó débẹ̀, ojú rẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe wọlé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Sabon Tasha ló ń gbé, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ń lọ. Ọkọ rẹ̀ ti jókòó sílé látìgbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, iṣẹ́ tìyàwó yìí nìkan ni gbogbo ilé gbójú lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀gá wọn, Dominic, ọmọ ìhà gúúsù Kaduna, kì í ṣe èèyàn burúkú. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ohun tó bá ti rí lọ́fíìsì ẹlòmíì, àfi kó dé ọ̀dọ̀ òun náà. Ó lọ sí Abuja, ó rí i pé àwọn kan ti kó gbogbo àwòrán ilẹ̀ wọn sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní sáfà, tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń mú nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ará ilé kan bá jọ ń pọn omi kànga kan. Ló bá ra ọ̀kan bọ̀. Ta ni kó tò ó? Ó ní Fẹ́yìsayọ̀ ni. Ṣebí ó ṣe kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà oṣù mẹ́ta lọ́dún tó kọjá?

"Mama Ayọ̀bámi," ló wí, ní èdè Hausa tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, "bó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Jimọ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa bójú tó o. Bí kò bá ṣiṣẹ́, màá wá gírádúéètì kan. Ẹ̀yin á wá lọ sinmi nílé."

Ìsinmi! Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná. Ta ló ní ó ń wá ìsinmi?

Lọ́jọ́ Ajé, Fẹ́yìsayọ̀ tú sáfà náà jáde nínú páálí. Ó fi Windows tirẹ̀ sí i, ó dá agbo kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ wọ̀ kí wọ́n tó lè rí àwòrán ilẹ̀ mú. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà: mẹ́rin jẹ́ ògbólógbòó tó ń gbé orí tábìlì, ìkarùn-ún jẹ́ láptọ́ọ̀pù tuntun. Kò sí èyí tó wọlé. Gbogbo wọn ní àwọn ò rí sáfà kankan, bẹ́ẹ̀ sáfà rèé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pe Táyéwò tó kọ́ ọ ní kọ́ọ̀sì yẹn lórí fóònù, ìyẹn ló sì tú u fó. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn kọ̀ǹpútà náà ti ń bèèrè ọ̀nà. Ẹ̀rọ yẹn ò sì mọ sáfà rí, báwo ló ṣe fẹ́ júwe ilé ẹni tí kò mọ̀? Fẹ́yìsayọ̀ lọ sí ìdí kọ̀ọ̀kan wọn, ó yí i padà pé sáfà fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n máa bi.

Láptọ́ọ̀pù wọlé wẹ́rẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ pariwo "Jésù ṣeun!" Àmọ́ àwọn mẹ́rin yòókù fàáké kọ́rí. Bó bá ti tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, àpótí kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ á wà nínú rẹ̀, á tẹ OK, àpótí á lọ. Á tún gbìyànjú, àpótí á tún dé, á tún tẹ OK. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n ṣì ń sọ.

Bí àwọn mẹ́rin yẹn ṣe rí náà nìyẹn tẹ́lẹ̀, arúgbó aláìgbọràn. Bátìrì kékeré inú wọn ti kú, bí NẸPA bá ti múná lọ báyìí, wọ́n á gbàgbé ọjọ́, wọ́n á gbàgbé aago. Ní gbogbo àárọ̀, Fẹ́yìsayọ̀ ló máa ń dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbójú sókè wo aago ara ògiri, á tẹ̀ ẹ́ sí i kí wọ́n tó gbà láti ṣí. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń ṣe é. Kò ronú sí i mọ́, bí èèyàn kì í ti í ronú kó tó bọ́jú.

Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù ni Faridah, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, òun ló ń gba àlejò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun náà, Tudun Wada ni wọ́n ń gbé. Èèyàn á sọ Yorùbá sí i, Hausa ló máa fi dáhùn. Hassanat ìyá rẹ̀ ló rọ̀ mọ́ Fẹ́yìsayọ̀ lọ́rùn ní ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó bá òun wá iṣẹ́ fún ọmọ yìí, Fẹ́yìsayọ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wọ ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́rú, Fẹ́yìsayọ̀ pa gbogbo ohun tó wà nínú sáfà rẹ́, ó tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ló bá a lọ. Nígbà tó parí, láptọ́ọ̀pù nìkan ló tún wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro ó, ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn awọnlẹ̀ ń kùn pé àwọn ò rí àwòrán mú lọ sóko. Ìgbà yẹn ni Faridah sún mọ́ ọn, ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun wò ó.

"Fi í sílẹ̀ jàre!" Fẹ́yìsayọ̀ jágbe mọ́ ọn.

Ẹ̀rù ló bà á, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọmọ yìí ní dípúlọ́mà. Bó bá fọwọ́ kan sáfà tó sì ṣiṣẹ́, kí ni ọ̀gá tún fẹ́ fi obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ṣe?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Dominic dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bi í pé, "Kí ló dé tó jẹ́ ti Faridah nìkan ló ń ṣiṣẹ́?"

Fẹ́yìsayọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kó sọ pé òun ò mọ̀. Àárẹ̀ àti ìbẹ̀rù ló jọ la ẹnu rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kó ti fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Mo bá a nídìí sáfà."

Irọ́ ni. Faridah ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá ní kí Faridah gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ náà ò sunkún, kò jà. Ó pa láptọ́ọ̀pù dé, ó gbé e síwájú Fẹ́yìsayọ̀, ó ní, "Mama, ni?" Èmi kẹ̀, ló ń wí ní Hausa. Fẹ́yìsayọ̀ tẹrí ba, ó ń wo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wá lẹ́tà kan tó sọnù. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí rèé tí kò fi rí oorun sùn títí Jimọ̀ fi mọ́. Bó ṣe dé, ó tan àwọn kọ̀ǹpútà, ó fi aago sí wọn bó ṣe máa ń ṣe, ó gbìyànjú, àpótí yọ, ó tẹ OK. Ó gbórí lé tábìlì. Nígbà tó yá, ó pe Táyéwò.

"Kí ló kọ síbẹ̀, Màmá?" Táyéwò bi í.

"Ohun tó ti ń kọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni."

"Mo gbọ́. Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

Fẹ́yìsayọ̀ tún tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kí àpótí lè yọ. Kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Gbogbo ọ́fíìsì yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: bí àpótí bá yọ, OK ni. Ṣé ìwé ìbéèrè ìdánwò ni tí wọ́n á fi máa kà á?

"Ẹ wá gíláàsì yín, Màmá. Ẹ kà á sí mi létí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Ó wá gíláàsì, ó nu ún, ó kà á. Ohun tí àpótí ń sọ kò ṣòro. Ó ní aago kọ̀ǹpútà yìí àti aago sáfà ò bára mu.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni sáfà lè fojú fò dá," Táyéwò sọ. "Bó bá ti ju ìyẹn lọ, ojú olè ló máa fi wò yín. Aago mélòó ló wà níwájú yín?"

Kọ̀ǹpútà ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ní mẹ́sàn-án kọjá mẹ́wàá, sáfà náà ní bẹ́ẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ rọra gbójú sókè wo ara ògiri.

Yéè! Aago ara ògiri yẹn! Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ sún un síwájú láyé àtijọ́, kí àwọn awọnlẹ̀ má bàa máa pẹ́ dé oko, kí Jimọ̀ má sì máa bọ́ mọ́ àwọn Mùsùlùmí inú wọn lọ́wọ́. Èèyàn á wò ó, á yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò lọ́kàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Sáfà ò mọ ìyọkúrò ní tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù Faridah sì rèé, bátìrì rẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó ń bá a fi aago ògiri síbẹ̀, ó ń lọ déédéé. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀ nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi tún aago àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjanpata. Badrudeen, ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀, ṣí àwòrán ilẹ̀ kan láti orí tábìlì tirẹ̀, ó kígbe "Madalla!", ó ní Màmá ti di ẹnjiníà. Fẹ́yìsayọ̀ ní ó ṣeun. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó wá bàtà rẹ̀ kejì, ó wọ̀ ọ́, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ó sọ ọ̀rọ̀ aago náà láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọ̀gá Dominic bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Aago! Ó ṣáà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ di tiyín."

"Faridah ńkọ́?"

Ọ̀gá wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Ìyẹn ti lọ ná. Pẹ̀lú sáfà yìí, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ tó èèyàn méjì mọ́."

Ó yẹ kó dúpẹ́, kó jáde. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ Ajé rèé ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò jáde. "Ọ̀gá, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mi ò bá a nídìí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ àyè ẹnì kan ló kù, ẹ fún un. Ó máa mọ̀ ọ́n ṣe, màá kọ́ ọ kí n tó lọ."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ pè é kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa ṣe é lọ. Àmọ́ látòní lọ, ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún mi nípa ẹnikẹ́ni, màá kọ́kọ́ wádìí ẹ̀ ná."

Ọdún mọ́kàndínlógún, kò wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ó dùn ún dé egungun. Ohun tó tọ́ sí i náà ni.

Lẹ́yìn ìrun Jimọ̀ ló pe Faridah. Ó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ náà jẹ́ kó parí, ó ní, "Na ji, Mama." Mo ti gbọ́. Fẹ́yìsayọ̀ rò pé ó fẹ́ pa fóònù ni. Àfi bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá, èyí tí kì í sọ, tó ń wá ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Ìyá mi ò jẹun látàná. Wọ́n ní mo dójú tì wọ́n lọ́dọ̀ yín. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, wọn ò gbà, wọ́n ní ẹ ò lè purọ́ mọ́ mi. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ wá bẹ̀ yín nílé." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Wọn ò ní gbọ́ tèmi."

Sabon Tasha ló yẹ kó wọkọ̀ lọ nírọ̀lẹ́ yẹn, kó lọ nà sórí ibùsùn. Kẹ̀kẹ́ Tudun Wada ló wọ̀. Hassanat ló ṣílẹ̀kùn, gèlè rẹ̀ wọ́, ojú rẹ̀ wú. Bó ṣe rí ẹni tó dúró níta, ó gbá àyà mú.

"Háà, Ìyá Ayọ̀bámi! Ẹ ò jẹ́ kí n wá fúnra mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí ji ọmọ mi, ìwà ọmọdé ni."

Ó ti fẹ́ kúnlẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ di apá rẹ̀ mú, orúnkún tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

"Ìyá Faridah, ẹ má bẹ̀ mí," ló wí. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọmọ yín."