Ohùn tí Adébímpé ń gbọ́

Ogún ọdún ni Adébímpé Ṣódiípọ̀ fi wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ìdáǹdè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Mákùn. Òun ló máa ń di ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n bá ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀ mú. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá ń gbọ́ ohùn tó ń bú u, ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún, ìyẹn sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà l'Ábẹ́òkúta. Oògùn dín ohùn náà kù, àmọ́ kò dákẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Ìlárá, tó ń dá sọ̀rọ̀.

Adébímpé kúnlẹ̀ tì í. "Kí ni wọ́n ń sọ fún ẹ?"

"Wọ́n ní mi ò wúlò."

Adébímpé dìde. "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi náà ń gbọ́ irú ohùn yẹn."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sún sẹ́yìn. Pásítọ̀ ní kó jókòó kí wọ́n gbàdúrà fún òun náà, ṣùgbọ́n ó jáde.

Ìyá ọmọ náà ló sáré bá a lẹ́nu géètì. "Mọ́mì, ọsibítù wo lẹ lọ?"