Gáàsì tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Moniya, àwọn ẹbí mi mú mi lọ sí Ìrókò láti lọ mọ àwọn òbí ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣe tíṣà. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọkọ ìyàwó kò ju kó dọ̀bálẹ̀, kó jókòó, kó sì panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún un sọ fún mi lójú ọ̀nà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa títí bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ díákónì, fi béèrè irú ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lanu láti dáhùn, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan lórí gáàsì olóró lọ́sẹ̀ náà ni, n kò sì lè dákẹ́. Mo ṣàlàyé pé fọ́síjíìnì lorúkọ rẹ̀, pé láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ìmọ́lẹ̀ bí, nítorí inú oòrùn ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é gbé gáàsì méjì sí tí wọ́n fi di ọ̀kan. Bàbá mirí, wọ́n ní ó jọ orúkọ onígbàgbọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Mo tún sọ bó ṣe pa àwọn sójà nínú ogun àwọn òyìnbó, àti pé òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló ní.

Wọ́n sì ń gé koríko lọ́wọ́ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyá àgbà kan fi ìborùn bo imú. Ẹlòmíràn dìde, ó ti fèrèsé. Gbogbo wa jókòó sínú ooru, à ń làágùn, à ń wo ara wa.

Bàbá kò wò mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n bi pé, “Ṣé nínú ilé yín ni wọ́n ti ń lo nǹkan yìí?”

Wọ́n ti ṣèwádìí ìdílé wa tán tẹ́lẹ̀; wọ́n béèrè wárápá, wọ́n béèrè ẹ̀tẹ̀, wọ́n béèrè olè. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè gáàsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi búra títí, kò wọ̀ wọ́n létí. Bàbá ní kí a máa lọ ná, àwọn yóò ránṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní sí ìránṣẹ́ kankan.

Ọmọbìnrin náà, tó gbé omi wọlé fún wa, kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, orúkọ gáàsì náà nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọn ò rí i rí. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì.”

“Agolo mílíìkì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òfìfo.”

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí fèrèsé. Bàbá ní bó bá jẹ́ ẹnu lásán ni, àwọn gbà. Èmi tí mo fẹ́ fi ìmọ̀ gba ìyàwó, àìní irinṣẹ́ ló bá mi gbà á.

A jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àlejò bá wá, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, á kàn wò mí, màá sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọdún tó kọjá la sin ín. Àwọn tó ń wá kí mi ní sùúrù púpọ̀. Mo ń ṣàlàyé ohun gbogbo fún wọn dé ìparí, kò sì sẹ́ni tó ń dá mi dúró.