Ohùn Bàbá Nínú Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Wa

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí àgbàdo àkọ́kọ́ ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, nígbà tí fóònù mẹ́ta dún lẹ́ẹ̀kan náà ní Ayétòrò, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin oníṣòwò kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá. Mo mọ àkókò náà dáadáa nítorí pé ojú aago ni mo ń wò. Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí n wá nítorí iṣẹ́ kan, àmọ́ mo ti dé láti agogo mẹ́jọ. Mo jókòó sórí àpò àgbàdo kan, mo di ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi mú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ̀rù tó jẹ́: kì í ṣe ẹ̀rù pé wọn kò ní gbà mí síṣẹ́. Ẹ̀rù pé wọ́n á gbà mí, tí wọ́n á sì wá rí i pé n kò mọ nǹkan kan ni.

Bàbá kan ló jókòó sídìí àwọn fóònù náà. Ó so òwú pupa mọ́ ọ̀kan, òwú dúdú mọ́ èkejì, òwú funfun mọ́ ẹ̀kẹta, ó sì gbé gbogbo wọn kọ́ ọrùn. Ó gbé oní-pupa sétí ọ̀tún, ó gbé oní-dúdú sétí òsì.

"Ẹ dúró dè mí o, ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀dàn," ló wí, "ará Ìlaròó ń kí mi lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni Màmá ti ń ra àgbàdo gbígbẹ, ó sì ń tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ní: ọ̀kan ní Ayétòrò, ọ̀kan ní Ìlaròó, ọ̀kan ní Òkè-Ọ̀dàn. Tí àgbàdo àgbẹ̀ kan bá ti gbẹ, á pè, ọkọ̀ wa á sì lọ kó o kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń pè, àwọn kan ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ sórí Wasáàpù, orí fóònù tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń fi í sí. Orí Bàbá nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé. Tí Bàbá bá gbàgbé, ó tán nìyẹn.

Màmá pè mí wọ yàrá ẹ̀yìn. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní o kọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́, ohùn, gbogbo rẹ̀ máa balẹ̀ sí ojú kan. Tí a kò bá sì sí nítòsí, kí ẹni tó pè lè fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, mà."

"Má pè mí ní mà, èmi kọ́ ni tíṣà rẹ." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n wà nídìí fóònù yẹn á lọ sinmi nílé. Ṣé o rí ẹsẹ̀ wọn tó ń wú? Àmọ́ èmi ò lè sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n. Ọjọ́ keje tí ọkọ mi kú ni wọ́n ti fi Ìlárá sílẹ̀ wá dúró tì mí, wọn ò sì padà. Báwo ni màá ṣe ní kí wọ́n máa lọ? Tí ẹ̀rọ bá ti dé, ẹ̀rọ ló sọ ọ́."

Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ní ibì kan tí n kò lè fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n mo nílò iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo jẹ́ ènìyàn burúkú. Ẹni tó ti jókòó sílé àwọn òbí rẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ ni mí, tí wọ́n ń fi ojú àánú wò nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀.

Kí n tó gbé ẹ̀rọ kankan kalẹ̀, mo ní láti mọ bí ìpè ṣe ń wọlé. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti Bàbá pẹ̀lú ìwé àti bírò: ta ló pè, kí ló fẹ́, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Ní Ìlárá tí Bàbá ti wá, àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní òdìkejì ibodè jọ ń ná ọjà kan náà ni, Faransé sì ti mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Bọ́ńjùù, ọmọ yunifásítì!" ló fi ń kí mi láràárọ̀. "Ọdún mẹ́rin lo fi kàwé kí o lè wá máa ka iye ìgbà tí àgbàlagbà húkọ́."

"Bàbá, iṣẹ́ ni mo ń ṣe."

"Mo rí i. Kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún ti húkọ́."

Ó máa ń bu ẹ̀pà fún mi. Ó máa ń sọ fún mi ẹni tó ń parọ́ pé àgbàdo òun ti gbẹ àti ẹni tí kì í pè títí tí ọ̀rọ̀ fi ń bàjẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń lo ẹ̀kọ́ náà láti gba ìjókòó rẹ̀. Mo ń jẹ ẹ̀pà náà, mo sì ń kọ̀wé lọ.

Ètò tí mo ṣe kò le. Nọ́mbà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn á máa pè. Tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé e, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á gbà á. Ohùn, àtẹ̀jíṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ orí Wasáàpù á wá tò sí ojú kọ̀ǹpútà kan náà, tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì máa rí i. Ohùn ara mi ni mo gbà sínú rẹ̀, mo kà á bí ẹni ń ka ìròyìn: "Ẹ kú ìpè. A kò sí nítòsí. Ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ fẹ́ nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró." Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni mo fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ wa pé iṣẹ́ tó dára kì í gùn, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí a tan ẹ̀rọ náà, Bàbá tú òwú pupa, dúdú àti funfun kúrò lára àwọn fóònù, ó ká wọn jọ, ó fi wọ́n sápò. 

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, èmi, Màmá àti Bàbá jókòó láti gbọ́ ohun tó ti wọlé láti ọjọ́ Ẹtì tí a ti ti ìlẹ̀kùn. Ohùn àkọ́kọ́ ní: "Ẹ káàárọ̀ o." Ó dákẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Ó tún dákẹ́. "Ilé ńkọ́?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ẹ̀rọ sì gé e. Ohùn kejì bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń kí wa, wọ́n ń dúró kí a dáhùn, àkókò sì ń tán mọ́ wọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan tiẹ̀ béèrè pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" kí ẹ̀rọ tó gé e. Obìnrin kan pè nígbà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn, kò yẹ kí n kàn máa dà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀..." Ó tán síbẹ̀.

Kí agogo mọ́kànlá tó lù, obìnrin náà wọlé. Láti Òkè-Ọ̀dàn ló ti wọ ọkọ̀ wá. Ó ṣí ọwọ́, àgbàdo wà níbẹ̀, ó ti ń hu olú, òórùn rẹ̀ sì gba ṣọ́ọ̀bù. Òjò ọjọ́ Àbámẹ́ta ló pa á lórí ọ̀rá tó sá a sí.

"Mo kí yín títí," ló wí, "ẹ ò jẹ́ mi."

Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀.  Bàbá ló dìde lórí ẹsẹ̀ wíwú yẹn.

"Ẹ má bínú, ìyá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Àgbà ti dé, mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀."

Kò tẹ nǹkan kan. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Màmá gba àgbàdo náà bí ó ṣe wà, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Èmi lọ sẹ́yìn ìwọ̀n àgbàdo, mo sunkún. Ìtìjú wà nínú ẹkún náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí mo wá lé kúrò ló gbé ẹ̀bi mi rù.

Bàbá wá bá mi níbẹ̀. "Nu ojú rẹ. Ta ló ń wọ ilé onílé kó tó kí onílé? Ẹni tó kí ọ, tí o ò dá a lóhùn, o ti lé e nìyẹn. Ẹ̀rọ rẹ ń lé èèyàn ni."

"Ẹ̀rọ kò lè kí èèyàn, Bàbá."

"Ṣé o ti kọ́ ọ ni?"

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a ti ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, a sì gba ohùn Bàbá. Ó kí wọn fún àárọ̀, ó kí wọn fún ọ̀sán, ó kí wọn fún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀rọ lè máa fi aago yan èyí tó bá yẹ. "Ẹ káàárọ̀ o." Ó dákẹ́ díẹ̀. "A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?" Ó dákẹ́. "Ọmọ ńkọ́? Oko ńkọ́?" Ó dákẹ́. "Àlàáfíà ni a ó máa bá ara wa. Ó yá, kí lẹ bá wá? Ẹ má gbàgbé kí ẹ sọ orúkọ yín, etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́." Ní gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́, ó ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń mi orí bí ẹni pé ó ń gbọ́ èsì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ju èmi lọ. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé dáadáa ni wọ́n wà. Mo di ẹnu mi mú kí n má ba iṣẹ́ jẹ́. Mo sì fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rọ́pò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí, a dá wọn lóhùn, wọ́n sì sọ ibi tí àgbàdo wà. "Bàbá, ìyàwó ọmọ mi ti bí o, ọkùnrin ni, àpò méjìlá sì ti gbẹ." Láràárọ̀, Bàbá á fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á sì pe àwọn tó bímọ àti àwọn tí ara wọn kò yá padà. Ọkọ̀ wa kò pẹ́ dé oko ẹnikẹ́ni mọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí Màmá sọ.

Màmá kò gbàgbé. "Ẹ̀rọ ti mọ iṣẹ́," ló wí. "Bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n lọ sinmi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sá fún un. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí Bàbá dé láti mọ́sáláṣí, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, àti pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí o ti ń ka ikọ́ mi ni èmi náà ti mọ̀. Ìyàwó àbúrò mi kì í gba ẹni tó ń ka ikọ́ lásán." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó ń dùn mí, irọ́ kọ́. Màá lọ. Inú kò bí mi sí i, inú kò bí mi sí ìwọ náà. Ṣùgbọ́n yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀ kí n tó lọ."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Mo bi èèyàn pé ọmọ ńkọ́. Ó dá mi lóhùn pé ọmọ òun wà nílé ìwòsàn. Èmi wà ní Ìlárá, n kò gbọ́. Ṣé mo bi í nìyẹn? Mo kàn ń fi ohùn ṣe é lójú ayé ni. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá. Tẹ̀sùbáà ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ó dun òun, ṣùgbọ́n ohùn kò ní kúrò. Tí ohùn bá kúrò, àwọn àgbẹ̀ á padà sí dídákẹ́, àgbàdo á sì tún máa hu olú nílé wọn. N kò lè sọ pé ó ṣì wí.

Mo wá rò pé mo ti rí ọ̀nà: kí ẹ̀rọ máa fi gbogbo ohùn náà ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá nílé, kó máa gbọ́ wọn, kó sì máa pè wọ́n padà láti orí ibùsùn rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ sí Ìlárá láti dán an wò. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Fóònù dún. Kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni. Nẹ́tíwọ̀kì ti òdìkejì ibodè ló gbá wa mú, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ Faransé kí wa káàbọ̀ sí ilẹ̀ wọn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n bí mi sínú ilé yìí o! Wọ́n ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Nẹ́tíwọ̀kì tiwa, tí ohùn àwọn àgbẹ̀ lè gbà wọlé, kò padà àfi nígbà tí a rìn dé ẹ̀yìn pápá ilé ẹ̀kọ́. Ìrìn yẹn jìnnà fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà méjì ló jókòó sinmi lójú ọ̀nà, kò sì fẹ́ kí n wo òun.

A ti padà sí Ayétòrò, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ni ọkọ̀ á sì wá gbé e lọ sí Ìlárá pátápátá. Mo ti gbìyànjú láti fi ohùn mi kí àwọn ènìyàn bí ó ṣe ń kí wọn. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan gbọ́ ọ, ó ní, "Ta nìyí? Bàbá dà?" ó sì pa fóònù rẹ̀. Tí mo bá yọ ohùn Bàbá, mo ṣẹ̀ sí Màmá tó fún mi níṣẹ́ àti sí àwọn àgbẹ̀ tí òjò ń dúró dè. Tí mo bá fi í sílẹ̀, mo sọ ẹni tó gbé ẹ̀bi mi rù di òpùrọ́ lójoojúmọ́, nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ibodè, ṣé ọ̀nà wà tí fóònù fi lè jókòó sórí nẹ́tíwọ̀kì tiwa nínú ilé, kí àgbàlagbà má baà rìn? Tí kò bá sì sí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.