Ṣòkòtò Méjì Tí Mo Rán Pọ̀

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n pè mí lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta fẹ́ mọ̀ bóyá mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń gbà láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Ẹ̀rù bà mí débi pé ohùn mi ń dún létí mi bíi ti ẹlòmíì. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ti já mi sílẹ̀, torí ńṣe ni mo ń ka ohun tí mo kọ, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí pálọ̀ wa ní Jakande nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tí mo ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá mi méjì pọ̀: ìbàdí mọ́ ìbàdí, ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀.

“Kí ni ṣòkòtò mi ṣe fún ọ?” Bàbá mi ló bi mí.

“Dádì, ìṣirò ni.”

“Èmi náà ṣe ìṣirò nílé ìwé. A ò fi ya aṣọ ẹnikẹ́ni.”

“Ẹ fi í sílẹ̀ jàre,” ni màmá mi wí. “Ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ibo lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ?”

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, mo gbé e sókè síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní ìrísí oníhò méjì nìyí, bíi túúbù táyà méjì tó lẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi gàárì ẹṣin níbi gbogbo, aṣọ kàn ń ṣojú fún un ni. Bí ojú ìránṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fẹ̀ tó, àti bí a ṣe yí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ká tó rán an, ló ń sọ irú ìrísí tó jẹ́. Tí a bá kó gbogbo irú ìrísí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n á dà bí ìlú kan tí ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìrísí kan. Ìlú yẹn ni mo fẹ́ mọ̀.

Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà dá mi dúró. Ó ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ti lọ́, ṣé mo mọ̀?

N kò mọ̀. Ìkánjú ló jẹ́ kí n yí i po odindi kí n tó rán an. Mo ti ń sọ nínú mi pé ó tún ti bàjẹ́.

“Ṣé ìrísí kan náà ṣì ni?” ló bi mí.

Mo wo aṣọ náà. Ìlà áyọ́ọ̀nù ṣòkòtò òkè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé gẹ́lẹ́ lójú ìránṣọ.

“Kan náà ni, mà.”

“Lójú ta ni?”

“Lójú èèrà tó ń rìn lórí rẹ̀. Gbogbo ibi tó yẹ kó pàdé ló pàdé. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti so okùn mọ́ ọn lóròó kí n tó yí i, okùn náà á ti wé mọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń ṣọ́ okùn á ní òmíràn ni. Nínú ìlú tí mo fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀, a kì í ṣọ́ okùn. Ilé kan ṣoṣo ni.”

Bàbá kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. “Má tú u o. Àṣìṣe rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà ní Okota nígbà tí èsì dé. Wọ́n gbà mí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan, mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ ni, ó sì tún jẹ́ ìsinmi, bí ìgbà tí ẹni tó ti sé èémí látọdún tó kọjá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni n óò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, èmi nìkan, láìsí ẹni tí yóò bi mí ní ìbéèrè tó máa kó mi yọ. Ẹ̀yin tí àyà yín ń já tí ẹ sì ti kọ́ni rí, kí lẹ kọ́kọ́ sọ nígbà tí ẹ wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.