Kọfí Bàbá Wa Lẹ́yìn Ìmùṣin

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn máa gé gbogbo igi kọfí tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Ìmùṣin, káwọn fi gbágùúdá rọ́pò ẹ̀. Wọ́n ní kọfí wa kò dùn, pé gààrí ni ará Ìjẹ̀bú ń jẹ. Gààrí wo? Inú bí mi gan-an. Bàbá wa kò fín oògùn sí oko yẹn rí. Abẹ́ igi obì ni wọ́n gbin kọfí náà sí, ewé tó ń já bọ́ ló ń bọ́ ọ. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí tí wọ́n fi gbà pé kí n ká ti ọdún yẹn, pé tí a bá ti ṣọdún tuntun tán, gígé ló kù.

Ká sòótọ́, kọfí wa kì í dùn lóòótọ́. Orí títì ọlọ́dà la máa ń sá a sí, bíi ti gbogbo ayé. Ewúrẹ́ á tẹ̀ ẹ́, mọ́tò á tú èéfín sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní rárá. Èyí tó pupa fòò nìkan ni mo ká. Mi ò bó o, mi ò fọ̀ ọ́. Mo fi ọparun kan àtẹ gíga, mo tẹ́ ẹní lé e, mo sì sá a tèèpo-tèèpo sínú oòrùn ọyẹ́. Mò ń yí i padà ṣáá. Bí ìrì bá ti fẹ́ sẹ̀, mo ti bò ó. Nígbà tó yá, ó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

Àwọn ìyàwó ilé ní mo sọ kọfí di ọmọ tuntun. Mo ní ẹni tó bá dùn kó lọ sá tiẹ̀ sórí títì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọdún tuntun kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn lébìrà dé tàáké-tàáké. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn kọfí inú agolo, ṣùgbọ́n nígbà ìjọba ṣójà yẹn, ọjà òkèèrè wọ́n bí ojú. Mo ti gún èèpo kúrò lára kọfí mi, mo ti yan án, mo ti lọ̀ ọ́. Mo sè é, mo gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ ibi tó ti wá.

Wọ́n mu ún. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ń wo ìdí kọ́ọ̀bù.

“Níbo lo ti rí eléyìí rà? Ṣé ó ṣẹ́ kù?”

“Ó kù, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà lórí igi tí ẹ fẹ́ gé.”

Wọ́n na kọ́ọ̀bù sí mi pé kí n bu òmíràn. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn lébìrà, wọ́n ní kí wọ́n bá mi lọ gé ọparun àtẹ wá.